Èédú Àlájà Òkè-Òyì

Iṣẹ́ mi ní Ìlọrin ni kí n máa fi ooru dán kẹ́míkà gbígbẹ wò, kí n mọ èyí tó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. A ó bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú agbọ̀n wáyà kékeré, a ó gbé e kọ́ sínú ààrò oníná mànàmáná, a ó sì ti ilẹ̀kùn fún odidi ọjọ́ kan. Ohun tí ìwọ̀nba yẹn bá ṣe nínú ooru ńlá la fi ń mọ ohun tí òkìtì ńlá lè ṣe níbi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ mi ò ju kí n máa ṣọ́ ilẹ̀kùn lọ. Kò parọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A kì í ṣí ilẹ̀kùn yẹn kí àkókò tó pé. Àmọ́ mo ṣí i lọ́jọ́ kan. Àlájà kan láti Òkè-Òyì ló gbé èédú àlọ̀kúnná díẹ̀ wá fún ìdánwò. Ó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sókè òkun, wọn ò sì ní gbà á láìrí ìwé wa. Gbogbo làálàá ọdún kan rẹ̀ ló wà nínú àwọn àpò tó kù nílé rẹ̀. Nígbà tó ku wákàtí mẹ́rin kí àkókò pé, ó wọlé, ó gbàdúrà fún mi, fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ tí a ò tíì bí. Ó wá ní, "Ọmọ mi, jẹ́ n yọjú wo nǹkan mi."

Ta ni yóò ṣàmín tán tí yóò sọ fún àgbà pé rárá? Mo ṣí i. Èédú dákẹ́ síbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.

"Àlùhámúdù lílàáhì!" Àlájà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tútù ti wọlé, ó ti ba ìdánwò náà jẹ́. Mo lè pa á dé kí n kọ ọ́ pé ó yege, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ojú tì mí, mo ní a ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó pòṣé, ó lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ku wákàtí méjì, òṣùwọ̀n ooru fi hàn pé inú èédú gbóná ju ààrò fúnra rẹ̀ lọ. Mo ṣí i, ó ti pọ́n yòò.

Nígbà tí Àlájà padà wá gbọ́ èsì, mo ní, "Ẹ má bínú, Àlájà. Ó gbiná. Wọn ò ní gbà á bẹ́ẹ̀."

"Láìsí ẹni tó ṣáná sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó fa fóònù yọ, ó pariwo sí ọmọ rẹ̀: "Kó àwọn ọmọ jáde nínú yàrá tí a to èédú sí! Mo ní báyìí!"