Àlàájì Sàlàhúdíìnì àti Aáyán Tó Kàwé

Bí ẹ bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n sọ ohun kan fún yín nípa Àlàájì Sàlàhúdíìnì olóògbé, ẹni tó ta lọ́fínńdà níbẹ̀ fún ogójì ọdún, ọjọ́ tó fi aáyán dájọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ dáadáa ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Èmi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìlà kan náà wà níbẹ̀, nítorí náà tèmi ni kí ẹ gbà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán. Láńre, tó máa ń kó lọ́fínńdà wá láti Èkó, gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́fínńdà mísìkì kan kalẹ̀, ó ní ojúlówó ni, ó ní láti Mẹ̀díínà ló ti wá tààrà. Àlàájì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó gbé e sí ìpẹ̀kun tábìlì. Ó bu mísìkì tirẹ̀, tó ti ń tà tipẹ́, sínú ìdérí mìíràn, ó gbé ìyẹn sí ìpẹ̀kun kejì. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú agolo kékeré kan jáde, ó ṣí i, aáyán ńlá kan sì rọra bọ́ sí àárín tábìlì bí ẹni tí wọ́n pè sí ìpàdé.

Àwọn obìnrin méjì tó ń dúnàádúrà lọ́wọ́ sá, ọ̀kan gun orí àpótí. Láńre rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aáyán ní tirẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó ju ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó jù wọ́n sósì, ó wá kọ ẹ̀yìn sí mísìkì Láńre, ó sì gba ọ̀dọ̀ ti Àlàájì lọ.

"Gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ," Àlàájì wí. "Ayédèrú ni."

"Àlàájì, ṣé kòkòrò ló máa wá pinnu ọjà mi?"

"Ìwọ lo pè é ní kòkòrò," Àlàájì dáhùn, ó ń dá aáyán padà sínú agolo tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Yunifásítì ló ti wá. Ìwọ ńkọ́, iléèwé wo lo lọ?"

Láńre gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà wá bẹ̀bẹ̀, ó ní òun náà ò mọ̀ pé wọ́n ti fi òróró lásán là á.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àrà ni Àlàájì ń dá kí oníbàárà lè pọ̀. A ò mọ̀ pé aáyán yẹn ni imú rẹ̀. Ọdún tí àrùn kòrónà gbòde, ibà kan dá Àlàájì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ibà lọ, ó sì gbé òórùn dání lọ. Àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ṣe, kò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi tún ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ padà. Ti Àlàájì ò padà mọ́. Ẹ sì wá rò ó wò: alọ́fínńdà tí kò gbọ́ òórùn, kí ló kù tó fẹ́ tà? Láti ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé lọ́fínńdà ilé yẹn kì í ṣe àdàlù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó fún orúkọ náà láti bàjẹ́. Àsmá'ù, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, nìkan ló sọ fún, ó sì mú un búra pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Yasir àbúrò rẹ̀.

Iṣẹ́ Àsmá'ù ni ìwo aáyán. N ò ṣe àwàdà. Ní yunifásítì tó ti ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìwo aáyán ló ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé, Àlàájì béèrè pé, "Ṣé kò sí ẹran ńlá níbẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tí imú rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ ọmọ pé kó mú òun lọ wo ibi iṣẹ́.

Wọ́n dé ibẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrẹ̀mí, ọ̀gá Àsmá'ù, fi ẹ̀rọ kan hàn án. Wọ́n so wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ mọ́ ìwo aáyán, wọ́n sì fẹ́ òórùn ọsàn sí i. Ìlà kan tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà fò sókè. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ìlà ò mira. Àlàájì bọ́ fìlà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè so wáyà yẹn mọ́ imú èèyàn?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní Àlàájì mọ àwàdà ṣe. Àsmá'ù ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí fèrèsé, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé Àsmá'ù ní Adìgbẹ, ó ṣe àlàyé fún bàbá rẹ̀. "Ìwo yẹn ni imú rẹ̀, Bàbá. Kì í sì í gbọ́ òórùn bákan náà nígbà gbogbo. Bí ebi bá ń pa á, kẹ́míkà kan nínú ara rẹ̀ á jíṣẹ́ fún ìwo, àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú ìwo náà, á túbọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n á máa pèsè ohun tó ń gba òórùn mọ́ra. Bó bá yó, iṣẹ́ á dẹ̀. Láàárọ̀ ìwo náà máa ń kú tipiri, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á mú. Ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ o. Ẹ fi omi ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òórùn kan fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kò ní gbàgbé òórùn náà."

Kí wọ́n tó délé, Àlàájì ti ní ìbéèrè. "Bí mo bá fi omi ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mísìkì mi ńkọ́?"

Àsmá'ù wò ó. Ó gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé aáyán mẹ́fà wá fún un nínú ike, àwọn tí wọ́n bí sínú gíláàsì ní yunifásítì, tí wọn ò tẹ ṣáláńgá rí láyé wọn. Àlàájì sọ èyí tó tóbi jù nínú wọn ní Dókítà.

Láti ìgbà náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà lójú wa. Kò ra ọjà kankan mọ́ kí wọ́n tó kírun alásárì. Láńre lè dé láago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀yìn alásárì ni Àlàájì máa tó ṣí kẹ́ẹ̀gì. "Imú mi ò tíì jí," ló máa ń wí. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, wọ́n lọ bi lèmọ́mù àdúgbò, lèmọ́mù ní òun ò rí i nínú ìwé kankan. Àlàájì ní kó lọ wò ó nínú ìwé Àsmá'ù.

Oṣù ààwẹ̀ dé, ó fi aáyán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ààwẹ̀. Ó ń fún wọn ní sààrì, ó ń fún wọn ní ìṣínu, kí ebi lè wà lára wọn dáadáa tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí òun fẹ́ lò wọ́n. Yasir, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì l'Ékòó tó sì wá lo ìparí ọ̀sẹ̀, ká a mọ́ ibi tó ti ń kó oúnjẹ kúrò níwájú wọn.

"Àlàájì, aáyán kì í ṣe Mùsùlùmí."

"Ta ló sọ pé Mùsùlùmí ni? Àwọn gba tiwọn nítorí iṣẹ́."

Ibi tó ti wá dùn jù ni ìtàn tó ń sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí Àsmá'ù fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ, wákàtí kan ni Àlàájì ń fi sọ ọ́. "Ebi ni baálé ilé," á ní. "Ó pe kẹ́míkà, ó ní lọ sókè, lọ bá mi kan ilẹ̀kùn jíìnì. Kẹ́míkà lọ, ó kan ilẹ̀kùn. Jíìnì ní, ta nìyẹn? Ó ní, èmi ni, baálé ní kò sí oúnjẹ nílé. Jíìnì ní, ṣé àná kọ́ ló jẹ èkuru? Kẹ́míkà ní, ìyẹn ò kàn mí, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ni jíìnì bá ń ráhùn, ó dìde, ó ṣí gbogbo fèrèsé ìwo sílẹ̀, òórùn wá wọlé." Ẹnìkan bi í lọ́jọ́ kan pé èdè wo ni àwọn méjèèjì ń sọ nínú aáyán. Ó ní Ẹ̀gbá ni, ṣebí Abẹ́òkúta ni wọ́n bí aáyán náà sí.

Ẹni kan wà tí kò rẹ́rìn-ín sí èyíkéyìí nínú rẹ̀, ìyẹn Àlàájà Bàrákátù, tó ń ta lọ́fínńdà ní ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń bára wọn du oníbàárà. Bí ọ̀kan bá kí oníbàárà ẹ kú ọjà, ìkejì á kí i ẹ kú ìnáwó. Àlàájà ló ni àgbébọ̀ adìyẹ pupa kan tó ń jẹ̀ kiri ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, adìyẹ yìí náà ló sì yọjú lọ́jọ́ tí Àlàájì gbàgbé láti pa agolo dé. Ó ṣá Dókítà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e mì.

"Àlàájà, adìyẹ yín ti jẹ ọ̀mọ̀wé."

"Àlàájì, ṣé ẹ ò gbọ́ pé aáyán kì í jàre láwùjọ adìyẹ ni? Ẹ jẹ́ n wá òmíràn fún yín. Wọ́n pọ̀ nínú kíṣìnì mi."

"Ti kíṣìnì yín ò kàwé."

Ìlà wa rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta. Àlàájì ò rẹ́rìn-ín, nítorí Dókítà nìkan ló kù nínú àwọn mẹ́fà, àwọn márùn-ún yòókù ti kú. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí Àsmá'ù tó lè kọ́ òmíràn, ọ̀túnla sì ni Láńre ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, fún àwọn oníbàárà tó ti ń dúró de ọjà ọdún Iléyá. Bó bá kọ̀ láti yàn, wọ́n á bi í léèrè. Bó bá yan ayédèrú, ó parí. Ọjọ́ náà dé, Àlàájì ń fi imú kan ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, òógùn sì bò ó.

Ni Àlàájà Bàrákátù bá sọdá títì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ó gbóòórùn ìkejì, ó gbóòórùn ìkẹta, ó wá di ìkẹta mú. "Láńre, èyí ni mo fẹ́. Ohun tí Àlàájì bá máa san, màá fi owó lé e."

Ta ló máa gba ìyẹn fún un? Inú bí Àlàájì, ó fa kẹ́ẹ̀gì náà gbà. "Àlàájà, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ wà." Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, Àlàájà bínú lọ, ó ń pòṣé. Mísìkì yẹn ló sì dára jù nínú gbogbo ohun tí Àlàájì tà lọ́dún náà. Títí ó fi kú ló ń sọ bí òun ṣe gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ Bàrákátù.

Lọ́dún tó kọjá, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Àlàájì kírun àsùbáà, kò dìde lórí ẹní mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ní kí wọ́n mú lọ́fínńdà tó dára jù wá tí wọ́n máa fi sí aṣọ ìsìnkú. Yasir kó ìgò mẹ́rìnlá jáde nínú yàrá bàbá rẹ̀, kò sì sí àkọlé lára ìkankan. Òun ò mọ ìyàtọ̀. Àsmá'ù gbé wọn símú lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹkún ti dí imú rẹ̀ pa, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn ún pé nínú gbogbo ilé alọ́fínńdà, kò sí imú kan tó lè yan lọ́fínńdà fún òkú rẹ̀. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Àlàájà Bàrákátù.

Ó dé, ó jókòó sílẹ̀, ó ṣí ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó dé wọn padà. Lẹ́yìn náà ló tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìgò kékeré kan jáde.

"Àwọn yẹn dára. Èyí dára jù wọ́n lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò tà á fún Bàbá nígbà tí wọ́n wà láyé?" Àsmá'ù bi í.

"Kí ni wọn ì bá fi gbọ́ ọ?"

Àsmá'ù gbójú sókè. "Ẹ mọ̀?"

"Láti ọdún àkọ́kọ́. Mo gbé ẹja gbígbẹ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá, wọ́n ní, 'Àlàájà, lọ́fínńdà yín tòní dára.' Bàbá ẹ ò yìn mí rí kó tó dìgbà náà. Mo délé, mo sunkún."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí n sọ ọ́, kí wọ́n wá máa kó ayédèrú bá wọn?" Ó fi etí ìró nu ojú. "Ìwọ náà rò pé mo fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì yẹn ni? Bí mo bá sọ pé kí wọ́n rà á, wọn ò ní rà á. Mo mọ orí kunkun bàbá ẹ. Ta ni mo máa wá bá jà ní ìlà yẹn báyìí?"

Àsmá'ù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lọ́nà, ó gbé orí lé èjìká ìyá àgbà náà. Yasir gba ìgò, ó gbé e wọlé fún àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́.

Ìlà wa ni wọ́n gbé òkú Àlàájì gbà lẹ́yìn ìrun àìlà. Òórùn mísìkì náà ló ṣáájú, àwọn ọlọ́jà sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rí àwọn tó gbé e. Àlàájà Bàrákátù dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ibi tí irú lọ́fínńdà bẹ́ẹ̀ ti wá, ó ń dá a lóhùn pé ọ̀dọ̀ òun ni, òun ò sì tà á fún Àlàájì, òun fún un ni.