Kànga Tí A Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Ìwà Ọmọlúàbí Sọnù

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo fi àyà dá mọ́tò mẹ́rin dúró lórí eré ní Ìpáò.

Àwọn òyìnbó láti ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ìlú wa dọ̀rẹ́ bi Olóyè wa bóyá a fẹ́ kànga ẹ̀rọ. Olóyè ní, “Rárá o, ẹ má ṣèyọnu,” bí ọmọlúàbí tí wọ́n fi oúnjẹ lọ̀, tó ń retí kí wọ́n tún rọ òun. Òyìnbó dúpẹ́, wọ́n wọ mọ́tò wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbéra.

Ìyàwó mi gbé korobá lé mi lórí. “Ó dáa, Bàbá Fúnmi. Ẹ̀yin lẹ ó máa pọnmi odò.”

Ni mo bá bọ́ sójú ọ̀nà. “Ẹ padà. Níbí, ẹ̀ẹ̀mejì là ń fi nǹkan lọ ènìyàn.” Wọ́n tún béèrè, a sì gbà.

Irọ́ tí mo pa nínú ìtàn yìí ni ti Olóyè. Èmi gan-an ni mo sọ fún òyìnbó pé rárá.