Ọjọ́ Tí Mo Yà Kúrò Lórí Ìlà

Òórùn epo pupa ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ifisin. Ìyá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Yèyé, á ti dé ẹkù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Kí n tó la ojú, èéfín igi àti òórùn epo gbígbóná á ti gba inú yàrá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò gbóòórùn epo. Ẹkún ló jí mi. Yèyé jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé àbúrò mi Bọ́lá lé itan, wọ́n ń fi aṣọ tútù nù ún lára, aṣọ náà sì ń gbóná mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bọ́lá kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Èmi tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nítorí Yèyé máa ń sọ pé ọdún tí wọ́n fi páànù bo ilé ìjọsìn wa ni wọ́n bí mi. Bàbá wa wà ní oko egàn, wọ́n ń wa iṣu, ó sì di ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó padà. Yèyé kò dúró dè wọ́n. Wọ́n pọn Bọ́lá, wọ́n kó iṣu sísun sínú igbá kékeré kan, wọ́n gbé e lé mi lórí, wọ́n sì gbé kèrègbè omi kọ́ èjìká. Wọ́n ní kí n fi síléètì mi sílẹ̀, n kò ní lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé inú mi dùn sí ìyẹn, pẹ̀lú bí ara àbúrò mi ṣe gbóná tó.

Lójú ọ̀nà Ìdó ni ilé egbòogi tí a ń gbé Bọ́lá lọ wà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi ẹfun kùn ni, igi odán ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀. Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a ń lọ, ó mú kí ẹsẹ̀ mi tutù dé orúnkún. Mo rò pé àwa ni a ó kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí a yọ sí wọn, abẹ́ igi odán ti kún.

Ènìyàn méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan ni dìsípẹ́ńsà, ẹni tó ń po oògùn, ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun. Ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ wọn. Bàbá Farabalẹ̀ ni a ń pè wọ́n, nítorí pé "Fara balẹ̀" ni wọ́n máa ń sọ fún gbogbo aláìsàn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Dókítà gidi, òyìnbó ni, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń yà síbẹ̀. Ẹnì kejì ni Ìyá Oníbáńdéèjì, opó kan tó sanra díẹ̀. Ìyá yìí ló ń wẹ egbò, tí wọ́n ń se báńdéèjì, tí wọ́n ń sá a sórí okùn, àwọn náà ló sì ń pọn omi tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ láti odò. Àwọn ènìyàn Òsì ń wá, àwọn ará Ìfàkì ń wá, àwọn tó ti abúlé oko wá kò níye. Egbò adáàjinná wà níbẹ̀, sòbìyà wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin péré ló sì ń dá wọn lóhùn.

Kò sí ẹni tó ń dúró lórí ìlà. Ohun tí kálukú mú wá ni ó ń bá a dúró. Ẹnì kan á fi igbá sílẹ̀, ẹlòmíràn á fi ọ̀pá, ẹlòmíràn á fi fìlà, gbogbo rẹ̀ á tò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn tó ni ín á sì lọ jókòó sábẹ́ òjìji. Yèyé gbé kèrègbè omi wa sẹ́yìn fìlà awọ ọdẹ kan. Mo ka àwọn ohun tó wà níwájú tiwa títí mo fi dé ogójì, mo sì dúró níbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣirò mi máa ń dàrú. Mo bi Yèyé bóyá a kò lè bẹ àwọn èèyàn kí a kọjá síwájú. Yèyé wò mí. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ṣáájú ẹni dé odò ló ń kọ́kọ́ pọn omi." Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá ń bu oúnjẹ nílé ni wọ́n máa ń sọ ọ́, bí a bá sì ń jà sí àga.

Kí n má purọ́, mo gbádùn ìdúró náà. Ìyá kan láti Òsì, tí sòbìyà mú lẹ́sẹ̀, fún mi ní àkàrà tó fi ewé dì. Bàbá arúgbó méjì jókòó sórí gbòǹgbò igi, wọ́n ń jiyàn lórí ìlú tí iṣu rẹ̀ dára jù fún iyán.

"Usu ulé wa kì í ní kókó," ni ọ̀kan wí, iṣu ilé wọn ló ń yìn.

"Àfi bí ìyàwó rẹ bá ti yọ kókó náà tán kó tó gbé e wá fún ọ," ni èkejì dáhùn, gbogbo abẹ́ igi sì rẹ́rìn-ín, Yèyé náà rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ga, ìlà kò fi bẹ́ẹ̀ rìn. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Farabalẹ̀ ni. Wọ́n á kọ orúkọ sínú ìwé ńlá, wọ́n á po oògùn, wọ́n á gún abẹ́rẹ́, wọ́n á rán ojú ọgbẹ́. Nígbà tí omi tán nínú ìkòkò, Ìyá Oníbáńdéèjì gbé agbè, wọ́n kọrí sí odò, ìlà sì dúró pátápátá. Ìyá Òsì mi orí. Ó ní, "Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí."

Bọ́lá ti ń sunkún láti àárọ̀, ẹkún tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń dún nínú afẹ́fẹ́. Ó wá dákẹ́.

"Ọpẹ́ ni," Ìyá Òsì wí. "Ọmọ ti sùn."

Yèyé ṣe àmín, wọ́n sì fi èjìká ti igi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí, mo sì rí ojú àbúrò mi. Kò pa á dé. Funfun rẹ̀ nìkan ló hàn. Ọwọ́ rẹ̀ kékeré tó yọ jáde lára ọ̀já ń gbọ̀n bí ìrù alángbá tó já.

Mo ní, "Yèyé, Bọ́lá kò sùn."

Wọ́n tú ọ̀já. Wọ́n pe orúkọ ọmọ, kò dáhùn. Ara rẹ̀ le gbagidi, ẹnu rẹ̀ sì pa dé. Àwọn ènìyàn dìde. Ẹnì kan ní gìrì ni. Ìyá àgbà kan ní kí wọ́n wá ṣíbí, kí wọ́n fi la ọmọ lẹ́nu, kí wọ́n wá àdín. Yèyé gbé Bọ́lá mọ́ àyà, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé egbòogi, wọ́n wo gbogbo igbá àti ọ̀pá àti fìlà tó wà láàárín àwa àti ẹnu ọ̀nà náà. Wọn kò gbéra. Ó pẹ́ kí n tó lóye pé wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ.

Èmi kò dúró. Mo sáré. Mo fo igbá, mo fo ọ̀pá, ẹsẹ̀ mi kọ lu fìlà ọdẹ, ó yí lọ sínú eruku. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bú ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo wọ inú ilé.

Bàbá Farabalẹ̀ jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ àgbẹ̀ kan lé orúnkún. Àdá ló gé e, wọ́n sì ń rán an lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè.

"Fara balẹ̀," wọ́n wí. "Padà sórí ìlà."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àbúrò mi ni. Ara rẹ̀ gbóná."

"Ara gbogbo àwọn tó wà níta ló gbóná. Padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Mo yí padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó mú mi dúró níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Mo ní, "Ó ti ń sunkún láti àárọ̀, sà. Kò sunkún mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rí wa."

Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n wò mí, wọ́n wo àgbẹ̀ náà, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ," àgbẹ̀ náà wí. "Ẹsẹ̀ mi kò lọ síbì kankan."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tí Bàbá Farabalẹ̀ sáré. Wọ́n gba Bọ́lá lọ́wọ́ Yèyé, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí ẹní, wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Wọ́n bèèrè omi. Kò sí omi, Ìyá Oníbáńdéèjì kò tíì ti odò dé. Ọdẹ tí mo ta fìlà rẹ̀ nù ló kọ́kọ́ rìn lọ sórí ìlà, ó gbé kèrègbè wa. Ẹlòmíràn gbé agbè tirẹ̀. Láìpẹ́, gbogbo ohun tí omi wà nínú rẹ̀ kúrò lórí ìlà, wọ́n ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń dà á sára aṣọ tí Bàbá Farabalẹ̀ fi bo ọmọ. Ara rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kuiníìnì, oògùn ibà. A dúró. Ìgbà tó yá, Bọ́lá fa ojú ro, ó sì kígbe ẹkún tó lágbára.

Yèyé fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bàbá Farabalẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹkún ni a ń wá."

Wọ́n padà lọ rán ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Níta, ìlà ti dàrú, kò sí ẹni tó mọ ipò igbá rẹ̀ mọ́. Ọdẹ náà gbọn eruku kúrò lára fìlà rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá mọ ẹni tó ṣáájú òun kàn lọ jókòó tì í, àwọn èèyàn sì tò ó padà láìsí ìjà.

Ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ kí wọ́n tó ní a lè máa mú Bọ́lá lọ. Yèyé kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ Bàbá Farabalẹ̀ pé kí wọ́n dárí ìwà àfojúdi mi jì mí.

"Ẹ dìde, Ìyá," wọ́n wí. "Èmi ni mo jókòó sínú ilé tí n kò jáde wo àwọn tó wà níta. Láti ọ̀la, n ó kọ́kọ́ rìn láti orí ìlà dé ìdí rẹ̀ kí n tó jókòó."

Yèyé ní, "Iṣẹ́ yìí ju ti ènìyàn méjì lọ."

"Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ sí àwọn tó gbà mí síṣẹ́, pé kí wọ́n fi ẹnì kan kún wa. Mo ń retí èsì."

Yèyé tún pọn Bọ́lá. A rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, n kò mọ̀ bóyá ìyà ń dúró dè mí. Wọ́n wá ní, "O ta fìlà ọdẹ nù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ rẹ yá," wọ́n wí, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì fà mí mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọlé.

Ní ọ̀la rẹ̀, Yèyé sọ ọ̀rọ̀ omi náà ní ẹkù, níwájú gbogbo àwọn obìnrin. N kò sí níbẹ̀, ilé ìwé ni mo wà, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ọjà tó yí po, obìnrin méjì láti Ifisin ń lọ pọn omi sí ilé egbòogi láràárọ̀. Nígbà tí Ìyá Òsì gbọ́, àwọn obìnrin Òsì gba ọjọ́ tiwọn. Ìyá Oníbáńdéèjì kò ní láti fi egbò ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ sódò mọ́. Àwọn tó bá débẹ̀ ní kùtùkùtù ń padà délé kí oòrùn tó kan àtàrí. Èsì ìwé Bàbá Farabalẹ̀ kò dé títí a fi wa iṣu lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ bàtà tuntun ló mú un wá, òun fúnra rẹ̀ sì ni èsì náà. Àwọn obìnrin kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ omi dúró.

Bọ́lá ti di ìyá ńlá báyìí, ó sì ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ. Èmi di nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan, ní yàrá tí wọ́n ń gbé àwọn tí àìsàn dé bá lójijì wá. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àwa méjì là ń dojú kọ àwọn tó kún gbogbo àga dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo mọ ẹni tó yẹ kí n sọ fún. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa le, ipò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sí dùn mọ́ mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé n ó sọ ọ́ tó bá yá. Ọdún méjì kọjá kí n tó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá náà. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o kò ti sọ èyí látọjọ́ yìí?" Kí oṣù tó parí, wọ́n fi nọ́ọ̀sì méjì kún wa.

Mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè ọ̀gá mi báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà láyà jù mí lọ. Ohun tí òun ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan, ọdún méjì ni mo fi rò ó. N kò bínú sí ara mi nítorí rẹ̀. Àwọn ọ̀sán kan wà tí mo bá jókòó níwájú ilé mi, tí ara mi balẹ̀, ó máa ń wù mí kí n rí ọmọ náà kó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, kí n ní kó wá jókòó tì mí, kí n sì sọ fún un pé mo tẹ̀lé e, bí mo tilẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn.