Ilé Irin ni Tinúọlá Yàn

Bí ẹ bá ń wá olóríkunkun ní Ìdó-Ilé, ẹ má jìnnà, ẹ yà sílé Awótúndé. Tinúọlá ọmọ rẹ̀ ni mò ń wí, ahunṣọ tó lè jókòó ti òfì títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn, ṣùgbọ́n ọnà kan wà tí ìyá náà máa ń hun lóun nìkan, kò sì fi han ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Nígbà tí ara Awótúndé wá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọmọ rẹ̀: kí wọ́n fi aṣọ ọnà yẹn sin òun. Kò sí ẹyọ kan nílé mọ́. Ará Ẹ̀fọ̀n kan ló ra èyí tó kẹ́yìn kí ogun tó dí ọ̀nà, ó ní inú yàrá ohun àtijọ́ agbo ilé àwọn ni yóò wà, kò sì dárúkọ agbo ilé náà.

Ọdún tí ìbọn Kírìjì sinmi, Tinúọlá ní òun ń lọ wá a ní Ẹ̀fọ̀n. Ọmọ́tọ́ṣọ́, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló sìn ín. Ìgbà ọyẹ́ ni, tí wọ́n máa ń ṣí àwọn yàrá yẹn kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn. Mẹ́ta ló ṣí lọ́jọ́ náà: ilé ọnà igi, ilé aṣọ, ilé irin. Ṣùgbọ́n àlejò kì í wọ méjì. Bí o bá ti jẹ obì ilé kan, àlejò wọn ni ọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí o bá yọjú sí òmíràn, o ti bú wọn nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ó di ọdún mìíràn. Bàbá tó wà lórí ẹní nílé kò ní ọdún mìíràn tí yóò fi ṣeré.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ fẹ́ ilé ọnà igi, nítorí ère ẹlẹ́ṣin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ó ní, ilé aṣọ ni. Níbo ni èèyàn tún ti ń wá aṣọ? Ọ̀rọ̀ gidi ni, àbúrò ọkọ sì rèé, ọkọ ni. Tinúọlá dúró ní oríta. Sányán àti àlàárì nìkan ni àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ má bínú,” ó ní. “Kíjìpá kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń tọ́jú. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú nǹkan, wọ́n á fi wé irin kí ó má baà dípẹtà. Ilé irin ni mò ń lọ.”

Ọmọ́tọ́ṣọ́ pòṣé, ó ní òun kò rí irú èyí rí, ahunṣọ tó ń lọ wo àdá. Ó tẹ̀ lé e ṣá.

Ògúndípẹ̀, àgbà alágbẹ̀dẹ tó ń ṣọ́ ilé irin, fún wọn ní obì, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ó parí. Bàbá náà ń tú irin baba ńlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pìtàn wọn. Aṣọ tí wọ́n fi wé wọn ni Tinúọlá ń wò. Àkọ́kọ́, kì í ṣe òun. Èkejì, kì í ṣe òun. Idà kan ló kù lórí àjà. Akísà tó bọ́ lára rẹ̀ dúdú fún epo, ṣùgbọ́n Tinúọlá mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Inú bí Ògúndípẹ̀ pé obìnrin náà kẹ̀yìn sí idà. Tinúọlá kúnlẹ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀ fún un. Àgbà náà ní kó gbé akísà sí ibi ìmọ́lẹ̀, kó má ṣáà mú un jáde. Tinúọlá ń ka òwú, ó ń ta kókó sára okùn kí ó má baà gbàgbé, títí oòrùn fi wọ̀. Etí aṣọ nìkan ni kò rí kà. Eku ti jẹ ẹ́.

Nílé, ó hun ún. Nígbà tó dé etí, ó fi ọnà ti ara rẹ̀ parí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Awótúndé fọwọ́ tọ aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

“Etí yìí kì í ṣe ti ìyá rẹ.”

“Tèmi ni, bàbá.”

Bàbá ká aṣọ náà, ó fi sábẹ́ orí rẹ̀.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ìyá rẹ á fẹ́ rí i.”