Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tò

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ní Ìkirè níbí. Tíṣà ni bàbá wa, Àpòmù ni wọ́n ti ń kọ́ni, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn lọ láràárọ̀. Àwa méjì péré ni màmá wa bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ara ẹ̀gbọ́n mi kò le rárá. Bí òjò bá ti rọ̀ tí òtútù mú, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Àwọn kan ní arọmọléegun ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní àbíkú níṣojú màmá wa.

Àbúrò bàbá wa tó wà nílùú òyìnbó ló fi páálí kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ló wà nínú rẹ̀, irin wẹ́wẹ́ tí èèyàn yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ó ní ìkòkò omi tí wọ́n ń fi sípíríìtì dáná sí nídìí. Bí omi bá hó, ooru rẹ̀ ni yóò máa ti ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ìdí ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá kékeré kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá kọ́, ó dà bí apá pẹ́dà kẹ̀kẹ́. Bí apá tọ̀tún bá nàró sókè, tòsì gbọ́dọ̀ kọjú síwájú; bí ti iwájú bá sì ṣe wà ni ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà. Bó bá fi lè yẹ̀ díẹ̀, ọ̀pá á há. Ẹ̀gbọ́n mi á tò ó, á fi ìka tì í, ẹsẹ̀ á yí díẹ̀, á sì dúró gbagidi. Á tú u, á tún un tò. Èmi ni mo máa ń di ẹsẹ̀ kan mú tí òun á máa yí èkejì.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ dọ̀la," ni mo wí lọ́jọ́ kan tí mo rí i pé ìka rẹ̀ ti wú.

"Ṣé o mọ̀ bóyá mo máa lè jókòó lọ́la?" Kò bínú. Bó ṣe rí ló sọ ọ́.

Rúlà onígun mẹ́ta tí bàbá fi ń kọ́ni ní ìṣirò ló yọ wá. Ó fi etí kan wọn apá tọ̀tún, ó fi etí kejì wọn tòsì, títí wọ́n fi gún. Nígbà tó tún tì í, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí wọ̀ọ̀rọ̀wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní.

Bàbá ní ká dáná sí i lọ́jọ́ Sátidé. Òjò ńlá ló ṣáájú Sátidé. Ìrora mú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bó ti ń jáde, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ẹsẹ̀ yẹn o." Kò padà wálé mọ́. Wọn kò jẹ́ kí bàbá àti màmá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà nìyẹn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó gbé ọkọ̀ náà jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n bu omi sí i, tí wọ́n ṣáná sí sípíríìtì. Ọkọ̀ náà rìn. Ó ń yí po lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa, ó ń dún fù-fù-fù. Màmá sáré jáde láti yàrá. "Ẹ pa á, ẹ dákun, ẹ pa á!" Ibẹ̀ ni àwa mẹ́ta dúró sí, à ń wò ó, títí iná fi kú fúnra rẹ̀.

Lónìí, kí ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ra, wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àìsàn yẹn ti ní orúkọ, ó ní oògùn tí wọ́n ń lò sí i. Ọmọ aládùúgbò mi kan tó ní i ti wọlé ọkọ ní Gbọ̀ngán. Ó bímọ láìpẹ́ yìí, mo sì lọ kí i. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ilé ní ayọ̀ ni. Ayọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ nìkan.