Ìbò Agnes Aránṣọ

Bí ẹ bá mú ìwọ̀n tí aránṣọ míì kọ sínú ìwé wá fún Agnes, yóò gbà á, yóò dúpẹ́, yóò sì tún yín wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ogún ọdún ló ti ń ránṣọ lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ má wulẹ̀ retí pé kó gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó bá ọ̀dà pupa lára ògiri: ìjọba fẹ́ wó ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn. Ṣọ́ọ̀bù yìí náà ló fi ń bọ́ ilé. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Adédèjì, alága ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní wọ́ọ̀dù wọn, ló kọ́kọ́ wá. "Ìyá Ìtùnú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣáà dìbò fún wa, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án."

Kò pẹ́ tí Kìtán dé, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò. "Ìyá Ìtùnú, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwa la máa pa ọ̀dà yẹn rẹ́."

Ẹnu dùn ún ròfọ́! Agnes fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì títí, kò rí ìyàtọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó Adédèjì yà wọlé. Lẹ́ẹ̀sì ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Agnes láti oṣù tó kọjá. "Dádì Yọ̀mí ní kí n gba aṣọ àwọn, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò tíì gé e o."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ kó o fún mi." Kò wo ojú Agnes.

Agnes ká a fún un. Ṣé ẹni tó ní wọn ò ní wó ṣọ́ọ̀bù ló ń sáré kó aṣọ tirẹ̀ jáde yìí?

Nígbà tí Kìtán padà wá, kò jẹ́ kó jókòó. "Àbúrò, lọ mú aṣọ tó o fẹ́ràn jù wá kí n rán an. Lẹ́yìn ìbò lo máa wá gbà á, níbí gan-an."

Kìtán họrí. Ó di ọjọ́ Jímọ̀, tí ìbò ku ọ̀la, kó tó gbé ṣòkòtò àtijọ́ kan dé, tó ti ya lórúnkún.

Agnes yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde. Ó mọ̀ pé ohun tí kò ní dun Kìtán bó bá sọnù ló mú wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú àkísà wá ṣì sàn ju ẹni tó wá kó lẹ́ẹ̀sì lọ. Ó bá a lẹ orúnkún náà dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ Kìtán. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ti fi kẹ̀kẹ́ kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sílé. Ṣòkòtò Kìtán nìkan ló fi kọ́ sórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù.