Àwo Ẹyẹ Lójú Fèrèsé Màmá

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, kò sì fi pa mọ́. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní Ifọ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọkọ mi gbé e wá sọ́dọ̀ wa ní Lotto, ní Mowe. Àwọn ọdún yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù, tí àwọn ará Èkó sì ń wá kọ́lé sínú igbó lọ́dọ̀ wa. A kò tíì rẹ́ ara ògiri ilé wa níta. Kò sí ilé kankan lẹ́yìn wa, àfi koríko àti igi ọ̀pẹ mélòó kan. Ọkọ mi a máa jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi sì ń ránṣọ fún àwọn ènìyàn nínú pálọ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kó ẹrù rẹ̀ wá láti Òkè-Àró kó lè máa tọ́jú Màmá.

Àǹtí ni mo ń pè é. Ó ti dàgbà, ó ń dá gbé, eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí. Ọkọ mi ló sọ ìtàn eyín náà fún mi. Nígbà tí Àǹtí wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà lù ú títí eyín fi yọ, ó sì sá wá sílé. Màmá gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ́ kó jẹun tán, lẹ́yìn náà ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí ara rẹ̀, ó sì mú un padà sílé ọkọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó tún sá wá, Màmá tún dá a padà. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, oyún inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì lóyún mọ́ láyé rẹ̀. Màmá sọ fún àwọn aládùúgbò pé kò mọ ọkọ tọ́jú ni.

Obìnrin yìí ló wá ń fọ ìdí ìyá rẹ̀. Omi tútù ló fi ń wẹ̀ ẹ́, nínú ọyẹ́ pàápàá. Bó bá ń fi kànìnkànìn ha á lẹ́yìn, Màmá a máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè yéni.

"Ọwọ́ rẹ le. Ọwọ́ àgàn máa ń le."

Àǹtí á da omi tó kù lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ pe àwọn ẹyẹ wá, n kò sì mọ̀ọ́mọ̀. Mo ń ṣa ìrẹsì tí mo rà níbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, mo sì ń da àwọn tó ti rún sí abẹ́ fèrèsé Màmá. Àwọn ẹyẹ kéékèèké bà síbẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá sọ nínú yàrá pé, "Ológoṣẹ́." Mo yọjú wò ó. Ó ti yí ojú sí fèrèsé. Láti ìgbà tó ti dé, ojú àjà ló máa ń wò.

Mo sọ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó kan àwo tánganran àtijọ́ kan mọ́ orí igi, ó sì fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá. Màmá ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Kì í ṣe ibẹ̀. Àṣá á rí wọn. Gbé e sún mọ́ igi ìbẹ́pẹ, kí wọ́n lè ríbi sá sí."

Ó ní ká gbé omi sínú abọ́ tí kò jìn, kí ẹyẹ má baà rì. Ó ní aago kan náà ni kí n máa gbé oúnjẹ síta láràárọ̀, torí ẹyẹ mọ àsìkò, kí n má sì dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú gèlè pupa. Oko ìrẹsì bàbá rẹ̀ ló ti ń lé ẹyẹ nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyẹn ló ṣe mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀. Ológoṣẹ́ ní orí eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ́n bí ìpẹtà. Àdàbà á kọ́kọ́ bà sílẹ̀, á rìn yí igi náà ká, kò ní fò sókè àfi tó bá dá a lójú pé kò séwu. Ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí orí rẹ̀ dúdú kì í fẹnu kan ìrẹsì, ìbẹ́pẹ tó pọ́n ló ń wá, n ó sì gé díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fún un. Ẹ̀gà ló pọ̀ jù, ariwo wọn ló sì pọ̀ jù. Akọ wọn yẹ́lò, ojú rẹ̀ pupa bí ẹyin iná. Abo wọn kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn akọ bẹ̀rẹ̀ sí í hun ilé sórí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, Màmá sì ń wò wọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan tí Àǹtí ń fi síbí bọ́ ọ ní ògì, Màmá ní, "Wo ẹ̀gà. Akọ á kọ́lé, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá wù ú, akọ á já a dànù, á tún òmíràn kọ́. Ìwọ, wọ́n kọ́lé fún ọ, o ò lè jókòó síbẹ̀. Ẹyẹ sàn jù ọ́ lọ."

Àǹtí gbé ògì náà sílẹ̀. Ó jáde, ó fa igi àwo náà tu, ó sì lọ rì í sẹ́yìn kíṣìnnì, níbi tí fèrèsé Màmá kò ti rí i.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ní, "Ìyàwó, lọ ránṣọ rẹ."

Láti ọjọ́ náà lọ, Màmá ń gbọ́ ohùn àwọn ẹyẹ, kò sì rí wọn. Kò bẹ̀bẹ̀. Á dùbúlẹ̀, á máa dárúkọ wọn sókè bí wọ́n ṣe ń dé: "Àdàbà. Ẹ̀gà. Ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Àǹtí gbọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó fa igi àwo náà tu, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì ní ẹni tó bá tún da ìrẹsì síta nínú ilé yìí yóò máa wẹ Màmá fúnra rẹ̀. Àgbàlá dákẹ́. Màmá kò jẹun dáadáa mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń kọjá lójú ilẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn Àǹtí nínú yàrá, ó rọlẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀.

"Ẹ fẹ́ kí ẹyẹ yín padà wá?"

Màmá ní òun fẹ́.

"Ẹ pè mí ní ọmọ yín. Ẹ kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

Màmá yí ojú sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bá mi dá ẹyẹ mi padà." Kò pè é ní ọmọ rẹ̀.

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó lọ sí ọjà, ó sì padà dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwo náà ti wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ìrẹsì kún inú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀. Ó gbé ìyá rẹ̀ dìde, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó lè ríran dáadáa, ó sì fa nẹ́ẹ̀tì fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú eku ló fi ra etí àwo náà yí ká.

Ẹ̀gà ló kọ́kọ́ bà á. Ó fẹ́ fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò. Ó fi ìyẹ́ lu àwo, ìyẹ́ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn yòókù gbọ́ ariwo rẹ̀, wọ́n ya wá síbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa sáré jáde pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́, wọ́n ti di ìdì kan tó ń gbọ̀n tó sì ń ké. Mo da òróró sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo fa ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ kù sórí àwo. Ọ̀kan bọ́, ó ṣubú sínú koríko, kò lè fò. Ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó wá jẹ ìbẹ́pẹ ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àwo.

Mo wo ojú fèrèsé. Àǹtí di orí ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kó má baà yí i. Omi ń jáde ní ọ̀kan nínú ojú Màmá, ìkejì gbẹ. Ó wo àwo náà títí ariwo fi tán, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́."

Àǹtí tú orí rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì wà níbẹ̀ títí mo fi sin àwọn ẹyẹ náà tán.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo rò ó fún un. Mo ní kó sọ fún Àǹtí pé kó máa lọ.

Ó ní, "Bó bá lọ, ta ló máa máa kó ìgbẹ́ Màmá? Ṣé ìwọ ni?"

Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Àǹtí kò lọ. Màmá ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì òun kọjú sí ògiri, wọ́n sì yí i. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì dárúkọ ẹyẹ kankan mọ́. Ó kú kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, a sì gbé e lọ sin sí Ifọ̀. Àǹtí kó ẹrù rẹ̀ padà sí Òkè-Àró.

Mo lọ kí i lẹ́yìn ìgbà náà. A jókòó síta, a sọ̀rọ̀ ọjà, a sọ̀rọ̀ epo tó wọ́n. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìyàwó, mo ti ń retí kí ohun tí mo ṣe dùn mí. Kò tíì dùn mí."

Mo kúnlẹ̀, mo dágbére fún un. Ó bá mi rìn dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀, ó sì dúró títí a fi gbéra.